Òpópónà Shuhada: Bí Ojúmọ́ Ṣe Ń Mọ́ Ará Palẹ́stínì ní Hébírónì

Orúkọ Hébírónì kò ṣàjèjì sí etí ọmọ Yorùbá. Ẹni tó bá ti lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi rí ti gbọ́ pé ibẹ̀ ni Ábúráhámù ti fi 400 ṣékélì fàdákà ra ihò kan lọ́wọ́ Éfírónì kí ó lè rí ibi sin Sárà aya rẹ̀. Ẹni tó bá sì lọ sí ilé kéwú mọ bàbá kan náà sí Ànábì Ìbúráhímù, ẹni tí wọ́n ń pè ní Khalil, ọ̀rẹ́ Ọlọ́run. Látinú orúkọ yìí ni àwọn ará Palẹ́stínì ti ń pe ìlú náà ní Al-Khalil. Ṣùgbọ́n ìlú inú ìwé nìkan ni ọ̀pọ̀ wa mọ̀. Ìlú náà ṣì wà láàyè. Ènìyàn tó ń gbé ibẹ̀ lé ní 200,000, ọjà wà níbẹ̀, yunifásítì wà níbẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa náà sì ń sáré kí wọ́n má bàa pẹ́ dé kíláàsì.

Ní sáà tó kọjá, olùkọ́ kan béèrè lọ́wọ́ wa pé kí ni ó túmọ̀ sí kí ìlú kan wà lábẹ́ àwọn ọmọ ogun orílẹ̀-èdè mìíràn. Bọ́ǹbù àti ìbọn ni ìdáhùn tó pọ̀ jù. Nígbà tí mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í kà nípa Hébírónì fún iṣẹ́ àṣetiléwá, mo rí i pé ọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀kùn, àtẹ̀gùn, afẹ́fẹ́ gáàsì ìdáná àti ọ̀nà ilé-ìwé ló kún inú ẹ̀rí àwọn ará ibẹ̀. Mi ò dé ibẹ̀ rí. Ohun tí mo kà nínú ìwádìí àwọn àjọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Ísírẹ́lì àti ti Palẹ́stínì, nínú ìròyìn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti nínú ẹ̀rí àwọn ṣọ́jà tẹ́lẹ̀ ni mo fẹ́ là sílẹ̀ níhìn-ín, nítorí ó yé mi pé ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti le jù kì í sábà dé orí tẹlifíṣọ̀n.

Hébírónì wà ní nǹkan bí 30 kìlómítà sí gúúsù Jerúsálẹ́mù, ní Bèbè Ìwọ̀-oòrùn Odò Jọ́dánì. Orí òkè ni. Èso àjàrà ibẹ̀ lókìkí, bẹ́ẹ̀ náà ni dígí tí wọ́n ń fi ẹnu fẹ́. Láti 1961 ni ilé-iṣẹ́ Hirbawi ti ń hun kufiya níbẹ̀, ìborùn dúdú àti funfun tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ àwọn ará Palẹ́stínì. Ní oṣù Kẹfà 1967, ọmọ ogun Ísírẹ́lì gba gbogbo agbègbè náà lọ́wọ́ Jọ́dánì, wọn kò sì tíì kúrò níbẹ̀.

Ohun tó ya Hébírónì sọ́tọ̀ láàárín àwọn ìlú agbègbè náà ni pé inú ìlú gan-an ni àwọn Júù atẹ̀dó ń gbé, wọ́n ń bá ará Palẹ́stínì pín ògiri. Ní àwọn ìlú yòókù, orí òkè tó wà níta ìlú ni wọ́n sábà máa ń kọ́ ilé sí. Ìtàn ọ̀rọ̀ yìí ní ẹ̀jẹ̀ nínú lọ́tùn-ún lósì, kò sì yẹ kí a fi apá kan pamọ́. Àwọn Júù ti gbé Hébírónì fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Ní oṣù Kẹjọ 1929, lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, àwọn Lárúbáwá tó dìde ìjà pa 67 nínú wọn. Àwọn aládùúgbò Lárúbáwá mìíràn sì fi ọ̀pọ̀ Júù pamọ́ sínú ilé wọn títí ìjà fi rọ̀. Àwọn tó là á já kúrò nílùú. Ní 1968, ọdún kan lẹ́yìn tí Ísírẹ́lì gba ìlú náà, àwùjọ kan tí Rábì Moshe Levinger ṣáájú wọn gba yàrá ní hòtẹ́ẹ̀lì kan níbẹ̀ láti ṣe àjọ̀dún Ìrékọjá. Nígbà tí àjọ̀dún parí, wọ́n ní àwọn kò lọ mọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ló bí Kiryat Arba, ibùdó atẹ̀dó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú. Ní 1979, àwọn obìnrin àti ọmọdé láti Kiryat Arba wọ ilé kan láàárín ìlú, wọ́n jókòó síbẹ̀, ìjọba Ísírẹ́lì sì wá fọwọ́ sí i nígbà tó yá. Lónìí, àwọn atẹ̀dó tó wà ní àárín ìlú tó nǹkan bí 700 sí 800.

Ọjọ́ tó yí gbogbo nǹkan padà ni ọjọ́ 25 oṣù Kejì 1994. Ọjọ́ Jímọ̀ ni, nínú Ramadan. Dókítà kan láti Kiryat Arba tó ń jẹ́ Baruch Goldstein wọ aṣọ ológun, ó gbé ìbọn wọ Mọ́ṣáláṣí Ìbúráhímù lásìkò ìrun àárọ̀, ó sì yìn ín lu àwọn tó forí kanlẹ̀. Ènìyàn 29 kú, ó lé ní 100 tó fara gbọgbẹ́. Ẹ wá wo ohun tó tẹ̀lé e. Àwọn ará Palẹ́stínì, tí òkú wọn ṣì wà nílẹ̀, ni wọ́n gbé òfin kónílé-ó-gbélé lé lórí. Wọ́n pín mọ́ṣáláṣí náà sí méjì, apá kan di sínágọ́gù. Títí di òní, ọjọ́ 10 lọ́dún ni gbogbo ilé náà ń jẹ́ ti àwọn Júù nìkan, ọjọ́ 10 mìíràn sì ni ó ń jẹ́ ti Mùsùlùmí nìkan. Ní ọjọ́ yòókù, olúkúlùkù ń gba ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ wọlé, Mùsùlùmí sì gbọ́dọ̀ kọjá láàárín ẹ̀rọ tó ń yẹ irin wò lára kó tó dé ibi ìrun.

Ní oṣù Kìíní 1997, Ísírẹ́lì àti àwọn aṣojú Palẹ́stínì fọwọ́ sí àdéhùn tó pín ìlú náà. Apá kan ń jẹ́ H1, nǹkan bí 80 nínú 100 ilẹ̀ ìlú, ìjọba Palẹ́stínì ló ń bójú tó o. Apá kejì ni H2, nǹkan bí 20 nínú 100, ọwọ́ ọmọ ogun Ísírẹ́lì ló ṣì wà. Ṣùgbọ́n H2 yìí ni ìlú àtijọ́ wà, níbi tí mọ́ṣáláṣí, ọjà ńlá àti òpópónà tó so àríwá ìlú mọ́ gúúsù rẹ̀ wà. Àwọn ará Palẹ́stínì tó ń gbé inú H2 lé ní 30,000. Ẹ fi iye yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ 800 atẹ̀dó, kí ẹ sì béèrè ìdí tó fi jẹ́ pé àwọn tó kéré níye ni a ń ṣí ọ̀nà fún.

Òpópónà Shuhada ni àpẹẹrẹ tó hàn jù. Ọ̀nà ọjà ni tẹ́lẹ̀. Ọjà ewébẹ̀, ọjà ẹran àti ibùdókọ̀ gbogbo wà lórí rẹ̀ tàbí nítòsí rẹ̀. Lẹ́yìn 1994, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ti ṣọ́ọ̀bù pa, wọ́n dá ọkọ̀ àwọn ará Palẹ́stínì dúró. Nígbà tí ìdìtẹ̀ kejì bẹ́ sílẹ̀ ní 2000, wọ́n ní kí ará Palẹ́stínì má fi ẹsẹ̀ rìn ín mọ́ ní apá tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ní 2007, àjọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn Ísírẹ́lì kan, B'Tselem, ka ilé àti ṣọ́ọ̀bù ní àárín ìlú náà. Ilé 1,014 ni àwọn onílé ti fi sílẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù 1,829 ni kò ṣí mọ́. Iye ṣọ́ọ̀bù yẹn ju ìlọ́po mẹ́ta nínú mẹ́rin lọ. Nínú wọn, ó kéré tán 440 ni àwọn ológun fi ìwé àṣẹ tì pa. Àwọn tó kù kú fúnra wọn, nítorí oníbàárà kò rí ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ wọn mọ́.

Ìdí tí Ísírẹ́lì fi lélẹ̀ ni ààbò. Kì í ṣe irọ́ pé wọ́n pa àwọn atẹ̀dó àti ṣọ́jà níbẹ̀. Ní oṣù Kẹta 2001, ẹnì kan tó fara pamọ́ yìnbọn pa ọmọ ọwọ́ kan, Shalhevet Pass. Ní oṣù Kọkànlá 2002, wọ́n pa ṣọ́jà àti ẹ̀ṣọ́ 12 lójú ọ̀nà Kiryat Arba. Ẹni tó bá sọ pé ẹ̀rù tó ń ba àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn kò ní ìdí, kò sọ òtítọ́. Ohun tí mi ò lè gbà ni pé ọ̀nà tí wọ́n gbà dáàbò bo ènìyàn 800 ni kí 30,000 máa gba orí òrùlé. Ní òpin 2006 pàápàá, àwọn ológun fẹnu ara wọn jẹ́wọ́ fún àwọn agbẹjọ́rò pé àṣìṣe ni bí àwọn ṣe ń dá àwọn ẹlẹ́sẹ̀ dúró ní Òpópónà Shuhada láti ọdún wọ̀nyẹn wá. Wọ́n ṣí i fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n tún tì í.

Ọ̀rọ̀ orí òrùlé tí mo sọ kì í ṣe àsọdùn. Àwọn ìdílé kan ṣì ń gbé nínú ilé tí ojú rẹ̀ kọ sí Shuhada. Ṣọ́jà ti fi iná irin jó ilẹ̀kùn iwájú wọn pa. Bí ojúmọ́ bá mọ́, bàbá tó ń lọ síbi iṣẹ́ yóò gba ojú fèrèsé ẹ̀yìn, tàbí kó gun òrùlé aládùúgbò, kó sọ̀kalẹ̀ sínú àgbàlá ẹlòmíràn, kó tó bọ́ sí ọ̀nà tí wọ́n gbà fún un. Àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn kì í jáde. Àwọn fèrèsé àti bàkónì tó kọ sí òpópónà ní wáyà ní gbogbo ojú wọn nítorí òkúta tí àwọn atẹ̀dó ń sọ, tó fi jẹ́ pé ẹni tó wà nínú ilé dà bí ẹni tó wà nínú àgò adìẹ. Nínú ọjà àtijọ́, níbi tí àwọn atẹ̀dó ti ń gbé lókè orí àwọn ọlọ́jà, àwọ̀n irin ni wọ́n ta sórí ọ̀nà. Bí ẹ bá wo fọ́tò rẹ̀, ẹ óò rí ìgò, òkúta àti pàǹtírí tó há sórí àwọ̀n náà. Omi ìdọ̀tí kì í há sórí àwọ̀n, ó máa ń kán sórí aṣọ tí wọ́n pàtẹ.

Lẹ́yìn ilẹ̀kùn ni ṣẹ́kpọ́ìntì. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ka ohun ìdènà tó lé ní 100 ní H2, ó sì lé ní 20 nínú wọn tó jẹ́ ṣẹ́kpọ́ìntì tí ṣọ́jà ń dúró sí. Ẹ má ro ti pákó méjì àti táyà tí à ń rí lójú ọ̀nà márosẹ̀ wa. Àwọn tibẹ̀ jẹ́ ilé kékeré onírin, ilẹ̀kùn ọ̀pá irin tó ń yí ènìyàn kọ̀ọ̀kan wọlé, ẹ̀rọ àyẹ̀wò, gíláàsì tó nípọn, àti ohùn láti inú ẹ̀rọ tí yóò ní kí o tú bẹ́líìtì, kí o padà sẹ́yìn, kí o dúró. Ìrìn ìṣẹ́jú 5 lè di wákàtí kan. Ó tún lè ṣẹ́ku ìṣẹ́jú 5. Àìmọ̀ yìí ló ń pa ènìyàn, nítorí pé o kò lè bá ẹnikẹ́ni ṣe àdéhùn àkókò.

Ọkọ̀ ará Palẹ́stínì kì í wọ àwọn àdúgbò wọ̀nyí. Nítorí náà, ẹ fojú inú wo bí wọ́n ṣe ń kó nǹkan wọlé: ìyẹ̀fun, afẹ́fẹ́ gáàsì, fìríìjì, bẹ́ẹ̀dì ìyàwó tuntun. Orí, ẹ̀yìn, ọmọlanke tàbí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni. Bí fìríìjì bá bàjẹ́, ẹni tó ń tún un ṣe lè má rí àṣẹ wọlé, pẹ̀lú irin iṣẹ́ tó kún àpò rẹ̀. Bí aláìsàn bá wà, ọkọ̀ aláìsàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn ológun. Nígbà mìíràn àwọn ará ilé ló ń fi àga gbé aláìsàn lọ sí ẹnu ṣẹ́kpọ́ìntì kí ọkọ̀ lè gbé e ní òdì kejì.

Ní òpin 2015, lẹ́yìn tí àwọn ọ̀dọ́ kan fi ọ̀bẹ kọlu ṣọ́jà tí wọ́n sì ń yìnbọn pa wọ́n, àwọn ológun sọ Tel Rumeida àti àyíká Shuhada di àgbègbè tí a tì. Wọ́n kọ orúkọ àwọn tó ń gbé ibẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì fún oníkálukú ní nọ́ńbà. Ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé kò lè wọlé. Òfin yẹn ti yí padà lọ́pọ̀ ìgbà láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n bí ó ṣe rí ní ṣókí ni pé àlejò kì í lè wá. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó kò lè wá kí i. Ìkómọ, ìgbéyàwó, òkú ṣíṣe, H1 ni wọ́n ń gbé gbogbo rẹ̀ lọ. Mo rò pé ọmọ Yorùbá kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí ohun tí ó túmọ̀ sí kí ènìyàn bímọ kí ẹbí má lè wá síbi ìsọmọlórúkọ. Ibi tí wọ́n ti já okùn ẹbí gẹ́lẹ́ nìyẹn, láìsí pé ẹnikẹ́ni pàṣẹ kí wọ́n kó kúrò nílé.

Àwọn ọmọ ilé-ìwé Qurtuba ń gba ọ̀nà yìí lójoojúmọ́. Ilé-ìwé náà kọjú sí Beit Hadassah, ọ̀kan nínú ilé àwọn atẹ̀dó, àwọn ọmọdé àti olùkọ́ wọn sì ń kọjá ní ṣẹ́kpọ́ìntì kí wọ́n tó gun àtẹ̀gùn lọ sí kíláàsì. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn àjèjì tó yọ̀ǹda ara wọn máa ń bá wọn rìn kí ẹnikẹ́ni má bàa lù wọ́n. Àwọn alákìíyèsí láti orílẹ̀-èdè bíi Norway, Ítálì àti Tọ́kì náà wà níbẹ̀ láti ẹ̀yìn ìpànìyàn 1994. Ní oṣù Kìíní 2019, ìjọba Ísírẹ́lì kọ̀ láti sọ ìwé wọn dọ̀tun, wọ́n sì lọ.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti òfin, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí àwa akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ dáadáa. Ní òpópónà kan náà, òfin méjì ló wà. Bí ọ̀dọ́ Palẹ́stínì kan àti ọ̀dọ́ atẹ̀dó kan bá jà, tí wọ́n sì sọ òkúta lu ara wọn, ti Palẹ́stínì yóò lọ sí ilé-ẹjọ́ ológun, níwájú adájọ́ tó wọ aṣọ ṣọ́jà. Ti atẹ̀dó yóò bọ́ sábẹ́ òfin Ísírẹ́lì bíi pé Tel Aviv ló ń gbé. Ará Palẹ́stínì kò dìbò yan ẹni tó ṣe òfin tó ń mú un. Àwọn ṣọ́jà tẹ́lẹ̀ tó dá Breaking the Silence sílẹ̀ ní 2004, ọ̀pọ̀ wọn ló ti ṣiṣẹ́ ní Hébírónì, ẹ̀rí wọn sì jọra: wọ́n rán wọn láti ṣọ́ àwọn atẹ̀dó, ìgbà tí atẹ̀dó bá wá jẹ́ ẹni tó ń ṣe ibi, wọn kì í mọ ohun tí àwọn lè ṣe. Ní ti òfin àgbáyé, Àdéhùn Geneva Kẹrin ti 1949 kọ̀ fún orílẹ̀-èdè tó bá gba ilẹ̀ láti kó ènìyàn tirẹ̀ wá tẹ̀dó síbẹ̀. Ísírẹ́lì sọ pé àdéhùn náà kò bá ọ̀rọ̀ ibẹ̀ mu. Ilé-Ẹjọ́ Àgbáyé ní The Hague sọ ní ọjọ́ 19 oṣù Keje 2024 pé wíwà Ísírẹ́lì ní àwọn ilẹ̀ tó gbà ní 1967 lòdì sí òfin, àti pé ó gbọ́dọ̀ fòpin sí i. Ìdájọ́ ìmọ̀ràn ni. Kò ní ọlọ́pàá tí yóò mú un ṣẹ.

Kámẹ́rà náà ti di ohun ìjà lápá méjèèjì. Ní 2021, ìwé ìròyìn Washington Post gbé ẹ̀rí àwọn ṣọ́jà tẹ́lẹ̀ jáde pé wọ́n ń fi fóònù ya fọ́tò àwọn ará Hébírónì, àti ọmọdé àti àgbà, sínú ètò kan tó ń jẹ́ Blue Wolf, wọ́n sì ń ṣe ìdíje ẹ̀ka ológun tó ya jù. Ní 2023, Amnesty International ṣàlàyé òmíràn, Red Wolf, tó ń wo ojú ènìyàn ní ṣẹ́kpọ́ìntì láìtọrọ àyè, tó sì ń fi àwọ̀ sọ fún ṣọ́jà bóyá kó jẹ́ kí ó kọjá. Àwọn ará ìlú náà ní kámẹ́rà tiwọn, àwọn kan gbà á lọ́wọ́ B'Tselem. Ọ̀kan nínú wọn ló ya fídíò ní Tel Rumeida ní oṣù Kẹta 2016, nígbà tí ṣọ́jà kan, Elor Azaria, yìnbọn sí orí Abdel Fattah al-Sharif, tó ti gún ṣọ́jà kan lọ́bẹ ṣùgbọ́n tó ti fara gbọgbẹ́, tó dùbúlẹ̀, tí kò lè mira. Láìsí fídíò yẹn, kò dájú pé ẹjọ́ kankan yóò wà. Ilé-ẹjọ́ dá Azaria lẹ́bi, oṣù 18 ni wọ́n fún un, wọ́n dín in kù sí 14, oṣù mẹ́sàn-án ló lò.

Lẹ́yìn ìkọlù Hamas ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá 2023 àti ogun Gásà tó tẹ̀lé e, kónílé-ó-gbélé tún padà sí àwọn àdúgbò H2 kan. Nǹkan bí ìdílé 750 ló kàn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, wọn kò lè jáde rárá. Lẹ́yìn náà wọ́n fún wọn ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀: wákàtí kan láàárọ̀, wákàtí kan nírọ̀lẹ́. Ẹni tó jáde láàárọ̀ tí kò tètè dé, òde ni yóò wà títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹ rántí pé àwọn atẹ̀dó ní àdúgbò kan náà ń lọ, wọ́n ń bọ̀. Kì í sì ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí. Ní ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ìdìtẹ̀ kejì, ọjọ́ tí H2 fi wà lábẹ́ kónílé-ó-gbélé jẹ́ 377, tí 182 nínú rẹ̀ tẹ̀ léra wọn, àfi wákàtí díẹ̀ láti ra oúnjẹ.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ka àkọsílẹ̀ yìí kí n tó fi ránṣẹ́ bi mí pé kí ló dé tí wọn kò kó lọ sí H1, níwọ̀n bí ó ti jẹ́ ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀. Ọ̀pọ̀ kó lọ, nǹkan tí 1,014 ilé yẹn ń sọ nìyẹn. Àwọn tó kù mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ilé tó bá ṣófo níbẹ̀. Wọ́n sì ní olùrànlọ́wọ́. Ní 1996, Yasser Arafat dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tó ń tún ilé àtijọ́ Hébírónì ṣe, ilé olókùúta alárà-òrùlé roboto tí ọjọ́ orí wọn tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, wọ́n sì ń fi àwọn ìdílé sínú wọn ní owó pọ́ọ́kú tàbí lọ́fẹ̀ẹ́ kí àdúgbò má bàa kú. Ní oṣù Keje 2017, UNESCO kọ ìlú àtijọ́ náà sínú ìwé ogún àgbáyé, àti sínú ti àwọn ogún tó wà nínú ewu, Ísírẹ́lì sì bínú sí i gidigidi.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí, nínú H2 yìí, ilé ìdáná kan wà tí wọ́n ń pè ní Takiya, tó ti wà láti ayé àwọn ọba Mamluk. Sàráà ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ní orúkọ Ànábì Ìbúráhímù, ẹni tí ìtàn sọ pé kì í dá oúnjẹ jẹ láìsí àlejò. Ọbẹ̀ àlìkámà ni oúnjẹ wọn láti ìgbà pípẹ́, nígbà Ramadan wọ́n tún máa ń fi ẹran kún un. Ẹnikẹ́ni ló lè gbé abọ́ wá, olówó tàbí tálákà. Àwọn ọmọdé ni wọ́n sábà máa ń rán. Wọ́n á gbé ike àti ìkòkò kékeré dání, wọ́n á tò sí ẹnu ṣẹ́kpọ́ìntì, wọ́n á kọjá, wọ́n á bu ọbẹ̀, wọ́n á sì tún tò láti padà sílé kí ó tó tutù.